Téèpù yẹn yẹ̀, Àlàájà: lẹ́tà ṣíṣí láti ọ̀dọ̀ télọ̀ yín

Sí Àlàájà mi, onísọ́ọ̀bù ẹ̀rọ ìdárayá, àjà kẹta, Ìdúmọ̀tà, Èkó.

Ẹ kú ọjà o, Àlàájà. Ẹ sì tún kú ìnáwó ọjọ́sí, Ọlọ́run á jẹ́ ká máa fi ayọ̀ ránṣọ fún ara wa.

Ẹ má bínú pé gbangba ni mo ti ń bá yín sọ ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tí mo pè yín, ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé, "Gbangba ni mo ti ń polówó ọjà mi. Ẹni tó bá lẹ́jọ́ wẹ́wẹ́, kó wá rò ó ní gbangba." Lẹ́yìn ìyẹn lẹ pa fóònù mọ́ mi létí. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò fún ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì rí i pé ẹ jàre. Àwọn tó ń wò yín lórí láìfù lálaalẹ́ pọ̀, àwọn náà ló sì ń fi owó ránṣẹ́. Ẹ̀ ń sọ fún wọn pé pátákó tó ń gbọn ara àti bẹ́líìtì ikùn tí ẹ̀ ń tà á mú kéèyàn fọn láìṣe nǹkan kan. Ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ohun tí ojú mi rí. N kò ní dárúkọ yín, n kò sì ní dárúkọ plásà. Ẹni tó bá mọ̀ yín á kàn rẹ́rìn-ín.

Fún ẹ̀yin yòókù tí ẹ ń kà á, télọ̀ ni mí. Ọdún kejìlélógún rèé tí mo ti ń ránṣọ ní Fádèyí. Aṣọ obìnrin ni mo mọ̀ jù: ìró àti bùbá, gáùn lééṣì, àti kọ́sẹ́ẹ̀tì táwọn ọmọ ìwòyí fi ń fún ara wọn pa lóde àríyá. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi. Nígbà kan mo gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìmọ̀, ìyàwó pásítọ̀ ló rọra fà á yọ. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí èmi tí mo ń fi téèpù jẹun ni mo dúró tí wọ́n fi téèpù pidán níwájú mi, mo pàtẹ́wọ́, mo sì yọ owó.

Oṣù Kẹta ọdún tó kọjá ni. Mo gbé gáùn yín wá kẹ́ ẹ dán an wò. Ẹ mọ̀ pé lífìtì plásà yẹn ti kú tipẹ́, àtẹ̀gùn là ń gùn. Nígbà tí mo fi máa dé àjà kẹta, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo fọwọ́ di ògiri mú. Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ ní, "Télọ̀ mi, ṣé kò tíì tó kó o ṣe nǹkan sára yìí? Wá, gun orí nǹkan yìí."

Pátákó dúdú kan ni, kò ga ju àpótí ìjókòó inú ilé ìdáná lọ, ó ní bọ́tìnnì mélòó kan lójú. Ọmọ tó ń bá yín tajà tẹ̀ ẹ́. Àlàájà, gbogbo ara mi mì bí ẹ̀kọ jígí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú ewé rẹ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ń gbọ̀n, eyín ń lu eyín, mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ohùn mi ń já bíi ti ewúrẹ́. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àtẹ́lẹsẹ̀ ń yún mi, itan mi gbóná. Ẹ ní, "Ẹni tó ṣe ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí, ó ti sáré wákàtí kan láìgbé ẹsẹ̀." Mo gbà yín gbọ́. Mo rò pé ohun tó bá lè yún ara báyẹn, ó ti ń ṣe nǹkan lára nìyẹn.

Ibi tó yẹ kí n ti fura ni ti bẹ́líìtì. Obìnrin kan wà nínú sọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà tó ń yẹ bẹ́líìtì wò, èyí tó máa ń gbóná tó sì máa ń gbọ̀n, tí wọ́n kọ "ó ń jó ọ̀rá" sí lára páálí rẹ̀. Ọmọ yín ní kó jẹ́ ká wọn ikùn rẹ̀ ká tó bẹ̀rẹ̀. Ó gbé téèpù lé orí ìdodo gan-an, ó jẹ́ kó dẹ̀, ìka rẹ̀ méjì wà lábẹ́ téèpù. Mo rí i. Ó pè é ní 43. Ó sán bẹ́líìtì mọ́ obìnrin náà fún ogún ìṣẹ́jú. Òógùn bò ó, ó ń ṣàn wọ inú síkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n tú u, wọ́n fún un ní táwẹ̀lì, ọmọ yín sì tún fa téèpù yọ. Lọ́tẹ̀ yìí, òkè ìdodo ló gbé e sí, níbi tí ìhà parí sí, ibi tó tín-ín-rín jù lára obìnrin. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ fa èémí sínú díẹ̀." Ó fún téèpù. Ó pè é ní 40! Gbogbo sọ́ọ̀bù hó yèè. Ẹ̀yin náà hó. Èmi náà hó, Àlàájà.

Bí ọmọṣẹ́ mi kan bá wọn oníbàárà báyẹn, màá fi rúlà gbá a lọ́wọ́. Obìnrin kan náà, láàárọ̀ kó tó jẹun àti lálẹ́ lẹ́yìn iyán, lè fi ínńṣì kan ju ara rẹ̀ lọ. Téèpù tó dẹ̀ àti èyí tó fún, òmíràn nìyẹn. Láti ìdodo dé òkè ìdodo, ẹ ka méjì tàbí mẹ́ta mọ́ ọn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe lè mú ínńṣì mẹ́rin kúrò lára ènìyàn kí omi orí iná tó hó, kò sì ní fọwọ́ kan ọ̀rá kankan. Ní ti òógùn yẹn, omi ni. Lítà omi kan, kílò kan gééré ni, bẹ́ẹ̀ píọ̀ wọ́tà méjì ni lítà kan. Tí òǹgbẹ bá gbẹ obìnrin náà dé Ọ̀yìngbò, tó ra méjì lọ́wọ́ ọmọ tó ń sáré tẹ̀ lé danfó, gbogbo ohun tí bẹ́líìtì mú kúrò ló ti dá padà yẹn.

Gbogbo èyí ni mo mọ̀ kí n tó dé sọ́ọ̀bù yín. Mo rà á nítorí pé mo fẹ́ kó jẹ́ òótọ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mò ń jí. Mi ò ti sọ́ọ̀bù kí aago mẹ́sàn-án alẹ́ tó lù. Orúnkún ọ̀tún mi ń dùn mí. Àdúgbò wa kì í ṣe ibi tí obìnrin ń dá sáré kiri lójú mọ́jú mọ́jú. Bí kòtò kò bá gbé e, àwọn ọmọ àdúgbò á béèrè pé ta ló ń lé e. Ẹni tó bá sọ fún irú mi pé "lọ máa sáré", ó dà bíi pé ó ń bú mi ni. Ẹni tó bá sì sọ pé "dúró síbí, ẹ̀rọ á bá ọ sá a", ọ̀rẹ́ mi nìyẹn. Nítorí náà ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀lẹ ló ń ra ọjà yín. Àwọn tó ti rẹ̀ ló ń rà á.

₦140,000 fún pátákó, ₦35,000 fún bẹ́líìtì, mo san án lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣí ojú ewé kan nínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà, mo kọ "Èmi" sókè. Àyà 44, ìbàdí 41, ìdí 49, kílò 93. Mo ṣètò pé àràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kí n tó fi nǹkan kan ẹnu, ni màá máa wọn ara mi, ibì kan náà, téèpù kan náà. Alaalẹ́ ni mò ń gun pátákó fún ìṣẹ́jú 15. Tí iná ọba bá lọ, mò ń tan jẹnẹrétọ̀ nítorí rẹ̀. Ẹ ò gbọ́ mi bí? Mò ń da epo sí jẹnẹrétọ̀ kí n lè gbọ̀n.

Ọ̀sẹ̀ 12 ni mo fi ṣe é láìyẹsẹ̀. Ìwé náà wà níwájú mi báyìí: 93, 92 ààbọ̀, 93, 93, 92 ààbọ̀, 93. Ní ọ̀sẹ̀ Iléyá ó gun 94, torí àwọn aládùúgbò mi kò mọ bí wọ́n ṣe ń fún ènìyàn ní ẹran díẹ̀. Ó tún padà sí 93. Ìbàdí 41 kò kúrò ní 41.

Bó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni, ǹ bá ti gbé e pamọ́, kí n pè é ní owó ẹ̀kọ́. Ìyá Ìbejì ni kò jẹ́. Oníbàárà mi ni, ó rí pátákó náà ní sọ́ọ̀bù mi, ó lọ ra tirẹ̀ àti bẹ́líìtì lọ́dọ̀ yín. Ó wá kó lééṣì wá fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀, ó ní, "Auntie Télọ̀, ẹ gé e sí 38. Kí ọjọ́ náà tó pé, màá ti dé 38." 42 ni mo wọ̀n lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo mọ̀, mo sì gé e sí 38, torí èmi náà ṣì ń retí ti tèmi. Láàárọ̀ Sátidé ìgbéyàwó, aago mẹ́fà kò tíì lù tó ti ń kan ìlẹ̀kùn mi, gáùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, síìpù kò gun ju ìdajì ẹ̀yìn lọ. Kò sí lééṣì tó ṣẹ́ kù. Ìpèlé rẹ̀ ni mo gé, mo tú ìhà méjèèjì, mo fi ìpèlé lẹ̀ ẹ́ láti abíyá dé ìbàdí, a fi ìlẹ̀kẹ̀ bo ojú rẹ̀. Ìyá Ìbejì jókòó sórí àga àwọn ọmọṣẹ́ pẹ̀lú ṣẹ́mí, kò sọ̀rọ̀. Ó kàn ní, "Ṣé èmi nìkan ni kò ṣiṣẹ́ fún ni?" Ìbéèrè yẹn ló mú mi pè yín lọ́jọ́ Jímọ̀.

Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ iṣẹ́ físíọ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, àwọn tó ń tún iṣan àti oríkèé ènìyàn ṣe láìlo ọ̀bẹ. Nígbà tó wálé, mo gbé ẹjọ́ náà ka iwájú rẹ̀. Ó wo pátákó, ó wo wáyà rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?" Mo ní ẹ̀rọ ni. Ó ní, "Ẹ wo mítà yín. Iná ló ń jó, ọ̀rá kọ́."

Bó ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún mi nìyí, mo sì rò ó lójú ìwé bí mo ṣe ń ro owó aṣọ. Kílò ọ̀rá kan ní nǹkan bí 7,700 kálórì nínú, ìyẹn òṣùwọ̀n agbára tí ara ń jó. Ẹni tó wọn kílò 90 bíi tèmi, bó bá jókòó lásán, á jó nǹkan bí 90 láàárín wákàtí kan. Bó bá rìn dáadáa fún wákàtí kan, ìrìn ẹni tó ń lé ọkọ̀ ìkẹyìn, á jó nǹkan bí 300 sí 350. Ẹ wá jẹ́ ká ṣàánú pátákó, ká ní gbígbọ̀n orí rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì jíjókòó. Ìṣẹ́jú 15 á jẹ́ 45. Ṣíbí ṣúgà kékeré mẹ́ta nìyẹn, èyí tí mò ń dà sínú tíì kí n tó gun orí rẹ̀. Àti pé ìdajì 45 náà, bí mo bá jókòó sórí àga mi tí mò ń wo tẹlifíṣọ̀n, màá ṣì jó o.

Ìṣirò yẹn kò gbe ìrìn náà pátápátá, kí n sòótọ́. Bí ẹ bá yọ èyí tí jíjókòó á ti jó kúrò nínú rẹ̀, ó tó ọgbọ̀n wákàtí kéèyàn tó fi ẹsẹ̀ rin kílò kan dànù. Gààrì gbígbẹ 100 gíráàmù, tí kò kún àwo rárá, ti sún mọ́ 350 kálórì, ẹnu ìṣẹ́jú mẹ́wàá sì ni. Ìdí nìyẹn tí àwọn oníṣègùn fi máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun téèyàn ń jẹ. Ṣùgbọ́n bí ìrìn tí ẹsẹ̀ mi fúnra rẹ̀ rìn bá lọ́ra tó báyẹn, báwo ni èyí tí n kò rìn ṣe fẹ́ yá jù ú lọ?

Ti bẹ́líìtì oníná, èyí tó máa ń ta iṣan ikùn jìn-ìn-jìn-ìn dípò kó kàn gbóná kó sì gbọ̀n, yàtọ̀ díẹ̀, n kò sì fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ. Ọmọ mi ní iná yẹn ń mú kí iṣan sún kì lóòótọ́. Àwọn físíọ̀ ń lò ó fún ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, tàbí ẹni tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún lórúnkún tí iṣan itan rẹ̀ ti ń gbẹ. Ó fi ìwádìí kan hàn mí, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Yunifásítì Wisconsin ní La Crosse, ní Amẹ́ríkà, gbé jáde lọ́dún 2005. Ọ̀sẹ̀ 8, ìgbà 5 lọ́sẹ̀, bẹ́líìtì tó dára. Iṣan ikùn àwọn tó lò ó le sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Téèpù pàápàá dín ní ìbàdí wọn, ínńṣì kan àti díẹ̀, torí iṣan tó le ń gbá ikùn sínú. Ìwọ̀n ara wọn ńkọ́? Ibi tó wà náà ló wà. Ọ̀rá abẹ́ awọ tí wọ́n fi irin gbá mú wọ̀n kò yí padà. Àwọn kan náà ti dán àwọn ẹ̀rọ mìíràn wò lọ́dún 2002, ìyẹn kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan tó hàn.

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí iṣan ikùn òun le díẹ̀, tó sì lè fara da kí nǹkan máa ta á bíi tanpẹ́pẹ́, ẹ ta á fún un. Ẹni tó ní òun fẹ́ fi gba kílò mẹ́wàá dànù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún un.

Ohun tó tún kọ mí lóminú ni pé ọmọ yín kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń ran ọkàn lọ́wọ́ sí láyà kò gbọ́dọ̀ fi bẹ́líìtì oníná sára. Aboyún kò gbọ́dọ̀ fi sánkùn. Ẹni tó ní wárápá, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dì sí nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ, gbogbo wọn ló yẹ kó kọ́kọ́ rí dókítà kí wọ́n tó dá irú àwọn ẹ̀rọ yìí lò. Ìkìlọ̀ wà nínú ìwé pélébé inú páálí, ní lẹ́tà tó kéré bí ẹsẹ̀ èèrà, lédè Ṣáínà àti Gẹ̀ẹ́sì. Ta ló ń kà á? Ìyá Ìbejì kò mọ̀ pé ìwé wà nínú páálí.

Ẹ má rò pé àwa ni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa tà á fún. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni dókítà kan ní Síwídìn, Gustav Zander, ti ń ṣe àwọn ẹ̀rọ tó ń gbọn ènìyàn, tó ń tẹ ikùn, tó ń bá ẹni gbé apá sókè. Nínú yàrá ìdárayá ọkọ̀ Titanic, èyí tó rì lọ́dún 1912, ràkúnmí oníná wà níbẹ̀ tí àwọn olówó ń gùn. Coolidge tó jẹ Ààrẹ Amẹ́ríkà láti 1923 sí 1929, ẹṣin oníná ló ń gùn nílé ìjọba. Lẹ́yìn wọn ni bẹ́líìtì tí ń gbọn ìdí dé, èyí tí àwọn ìyá àgbà ilẹ̀ òkèèrè ń fi ara tì bí ẹni fara ti ògiri. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ọmọ aráyé ti ń wá ohun tó máa bá a làágùn. Ọ̀rọ̀ náà pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ mi fi àwòrán ràkúnmí yẹn hàn mí. Ọkùnrin tó jókòó lé e wọ kóòtù.

Lọ́dún 2002, àjọ FTC tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà ní Amẹ́ríkà pe àwọn tó ń ta bẹ́líìtì ikùn oníná mẹ́ta lẹ́jọ́, AbTronic, AB Energizer àti Fast Abs, torí wọ́n ń sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé yóò mú kéèyàn fọn láìṣe eré ìdárayá. Lọ́dún 2012, ilé iṣẹ́ Skechers gbà láti san $40 mílíọ̀nù lórí bàtà Shape-ups, èyí tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ̀ bí ìdí ọkọ̀ ojú omi, tí wọ́n ní rírìn nínú rẹ̀ lásán ń mú ara fúyẹ́. Mo rí irú bàtà náà ní Kátángúà lọ́sẹ̀ tó kọjá, nínú òkìtì òkìríkà. Wọ́n ti lé e nílé, ó wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó ń tà á ṣì ń kígbe pé, "Bàtà tó ń fọnni rèé o!"

Mo gbọ́dọ̀ ro ẹjọ́ ara mi náà. Nígbà tí mo ṣí sọ́ọ̀bù, maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Láti àárọ̀ dalẹ́ ni ẹsẹ̀ mi ń lọ ń bọ̀ lórí irin yẹn, gbogbo àdúgbò ló mọ ìró rẹ̀. Kílò 78 ni mí nígbà yẹn, mo sì ń jẹ ẹ̀bà bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ títí dòní. Lọ́dún 2018 mo ra maṣíìnì onímọ́tò. Mo kàn ń fi ìka ẹsẹ̀ kan án, ó ti sáré lọ. Aṣọ tí mò ń rán lọ́jọ́ kan di ìlọ́po méjì, ẹsẹ̀ mi sì di ohun tí mo kàn ń wọ bàtà sí. N kò ní tan ara mi pé mọ́tò nìkan ló sọ 78 di 93. Ọjọ́ orí ń gorí ọjọ́ orí, àwọn oníbàárà tó ń gbé mínírà wá náà kò jẹ́ kí n sinmi. Àmọ́ mo ti ra ẹ̀rọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ rí, owó mi ni mo fi rà á, ìdí mi ló sì gbà á. Ó wá yà mí lẹ́nu pé ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́ ni mo tún lọ rà láti fi wo ohun tí ẹ̀rọ tó ń bá ènìyàn ṣiṣẹ́ ṣe.

Mo ti gbé maṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ yẹn jáde. Etí aṣọ àti ìgbátí ni mo fi ń rán, wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, orúnkún mi kò sì bínú sí i. Jíbówú ni mò ń bọ́ọ́lẹ̀ tí mo bá ń bọ̀ láti Yábàá, mo ń fẹsẹ̀ rin ìyókù délé. Ẹ̀bà alẹ́ ti di ìdajì, mo sì ti lé ṣúgà jáde nínú tíì. Oṣù márùn-ún rèé. Kílò mẹ́rin ló lọ, oúnjẹ ló sì kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó máa pàtẹ́wọ́ fún kílò mẹ́rin lórí láìfù.

Àlàájà, n kò béèrè owó mi. Ohun tí mò ń bẹ̀bẹ̀ fún kò ní ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ yọ "láìṣe nǹkan kan" kúrò nínú ìpolówó yín. Gbogbo èké inú ọ̀rọ̀ yìí, inú gbólóhùn yẹn ló ń gbé. Bí ẹ bá yọ ọ́, tí ẹ sọ pé pátákó yìí dùn ún dúró lé, pé ẹni tó bá ń jókòó-dìde lórí rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá á fi itan ṣiṣẹ́, pé bẹ́líìtì oníná lè mú iṣan le, ẹ ṣì máa tajà. Mo mọ oníbàárà. Ẹni tó bá fẹ́ ra nǹkan á rà á. Èmi náà ń fi kọ́sẹ́ẹ̀tì àti fóòmù tún ìrísí ènìyàn ṣe, ṣùgbọ́n n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé tó bá bọ́ ọ lálẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa rí.

N kò fi òfin dẹ́rù bà yín, torí ọ̀rẹ́ la jẹ́. Kẹ́ ẹ kàn mọ̀ pé ó wà. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 tó wà lọ́wọ́ àjọ FCCPC, abala 123 rẹ̀, kọ̀ kéèyàn sọ ohun tí kò jẹ́ òótọ́ nípa ọjà. ARCON, àjọ tó ń rí sí ìpolówó, náà ní òfin tirẹ̀ láti 2022. Nínú àwọn tó ń wò yín lálaalẹ́, gbogbo wọn kọ́ ló máa kọ lẹ́tà bíi tèmi kí wọ́n tó lọ fẹjọ́ sun àwọn àjọ náà.

Ẹ sì rán ọmọ yín wá sọ́dọ̀ mi. N kò ní gba owó ẹ̀kọ́. Màá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn ìbàdí, bí àjọ ìlera àgbáyé ṣe là á kalẹ̀ gan-an: ààrin ibi tí eegun ìhà tó kẹ́yìn parí sí àti òkè eegun ìbàdí, kí ẹni náà dúró láìfún ikùn, kó mí síta, kí téèpù sùn sára láìbu ara jẹ. Kó fi bírò ṣe àmì síbẹ̀, kó lè jẹ́ pé ibẹ̀ náà ló máa padà sí. Bí ó bá wọn obìnrin kan báyẹn lẹ́ẹ̀mejì, ogún ìṣẹ́jú láàárín, kó wá sọ iye tó rí fún yín.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan. Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, mo wà lórí láìfù yín. Ẹ dìde, ẹ yí po, ẹ ní, "Èmi fúnra mi lò ó o, ẹ wo ikùn mi, láti 46 dé 39." Àwọn ènìyàn ń fi ọkàn pupa ránṣẹ́. Àlàájà, ìwé wà lọ́wọ́ mi. N kò ní kọ iye tó wà nínú rẹ̀ síbí. Ohun tí oníbàárà bá bọ́ aṣọ fi han télọ̀, àárín àwọn méjèèjì ló ń kú sí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin pẹ̀lú mi mọ̀ pé pátánì pépà kan náà ni mo ti ń lò fún yín láti 2019. Ó ti gbó, sẹ́lótéèpù ló kù tó dì í mú. Òun náà ni mo fi gé aṣọ ìgbéyàwó ọjọ́sí, ó sì bá yín mu rẹ́gí, ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀.

Lééṣì aláwọ̀ ewé yín ti ṣetán. Màá gbé e wá ní Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìmọ́tótó ọjà, tó bá ti ń lọ sí aago mọ́kànlá. Ẹ má rán ọmọ wá pàdé mi nísàlẹ̀, màá gun àtẹ̀gùn náà fúnra mi.

Èmi ni,
Télọ̀ yín, Fádèyí.